OWÓ TI WỌLÉ, ÈRÒ ṢÌ Ń LÀÁGÙN: KÍ NI A Ń FẸ́ NÍ PÁPÁ ỌKỌ̀ ÒFÚRUFÚ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwọn kan yóò fi rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní: "Kí ló kan àgbẹ̀ Ifẹ̀wàrà tàbí ìyá ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ bàálù? Ọ̀nà oko tó bàjẹ́ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko kò ní bọ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ bàálù kò kàn yín. Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú.

Ẹ wo agboolé yín yíká. Agboolé wo ni kò ní ọmọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà? Nígbà tí ìyàwó ọmọ yín bímọ sí òkè òkun, ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè pé kó wá bá àwọn wẹ ọmọ? Ṣé kì í ṣe ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà ni? Àwọn Àlàájì àti Alájà wa tó ń fi ọdún gbọọrọ kó owó jọ kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà, ṣé olówó ni gbogbo wọn? Òkú ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ pàápàá, bàálù ló ń gbé e wálé. Owó kòkó, owó èésú àti owó ilẹ̀ tí a tà wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìyà jẹ èrò ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, àwa náà ni wọ́n fi jẹ.

OWÓ Ń WỌLÉ, KÍ LÓ Ń JÁDE?

Pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, oṣù Kẹta ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i. Pápá Schiphol ti ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Holland ni wọ́n wò kọ́ ọ. Nígbà náà, ilé náà ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ní 1993, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 14 péré, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ tààrà láàrin ilẹ̀ wọn àti Èkó dúró. Wọ́n ní ètò ààbò ibẹ̀ kò tó. Wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri ní àwọn pápá tiwọn pé kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún Ìkẹjà. Ìparí ọdún 1999 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ẹ̀yin ará, ṣé ògiri ló wó ní 1993? Ṣé òrùlé ló jò? Ilé náà ṣì le koko. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ ló ti dìdàkudà.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ síwájú. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ lọ yá mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ́wọ́ ilẹ̀ China láti kọ́ ilé tuntun sí pápá mẹ́rin: Èkó, Abuja, Kano àti Port Harcourt. Ti Èkó, oṣù Kẹta 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní ìparí oṣù Keje 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí bílíọ̀nù náírà tó lé ní 712 láti fi tún ilé àtijọ́ ti 1979 yẹn ṣe. Wọ́n ní oṣù 22 ni iṣẹ́ náà yóò gbà.

A kò sọ pé kí ilé tó gbó má di tuntun. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, tí àgbà ń fi ìwé ìrìnnà fẹ́ ara, yóò gbà pé àtúnṣe yẹ. Ohun tí a ń bèèrè ni pé: nínú bílíọ̀nù 712 yìí, èwo ni ti ìwà? Èwo ni ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́? Èwo ni ti owó oṣù ẹni tó ń gbé ẹrù? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí wọ́n bá fi dígí àti máàbù ṣe gbogbo ilé, tí ẹni tó dúró nínú rẹ̀ bá ṣì ń na ọwọ́ sí arúgbó pé kí wọ́n fún òun ní nǹkan, ẹ̀tẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìjọba wa fẹ́ràn ọ̀dà ju iṣẹ́ lọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2023? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba kan kógbá wọlé ni wọ́n gbé bàálù kan balẹ̀ sí Abuja, tí wọ́n kọ Nigeria Air sí lára, tí wọ́n ní orílẹ̀-èdè wa ti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ará Ethiopia ni. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà wa, a pàtẹ́wọ́, ọkọ̀ sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Nigeria Airways tí a dá sílẹ̀ ní 1958, tó kógbá sílé ní 2003, kì í ṣe àìrí ọ̀dà ló pa á.

OHUN KÌÍNÍ: KÍ WỌ́N SỌ ÒÓTỌ́, KÍ WỌ́N SÌ TÈTÈ SỌ Ọ́

Bàálù lè pẹ́. Ọyẹ́ lè bo ojú sánmà, òjò lè ṣú, ẹ̀ńjìnnì lè fẹ́ àtúnṣe. Kò sí èrò tí orí rẹ̀ pé tí yóò ní kí awakọ̀ gbé òun fò nínú kùrukùru. Ohun tí èrò ń fẹ́ ni pé kí wọ́n má pa irọ́ fún òun.

Ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n ní agogo 7 àárọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra. Agogo 8 kọjá, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Agogo 10, ẹ̀rọ ké pé ọkọ̀ yóò pẹ́ "nítorí ìdí iṣẹ́." Kí ni ń jẹ́ ìdí iṣẹ́? Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kò mọ̀, ọ̀gá rẹ̀ kò gbé fóònù. Ẹni tó ń lọ sí ìsìnkú ti pẹ́ dé ibojì. Aláìsàn tó fẹ́ rí dókítà ní Abuja ti pàdánù àyè rẹ̀. Oníṣòwò ti pàdánù ọjà.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà. Àjọ NCAA, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa darí ọ̀rọ̀ bàálù, ti kọ ẹ̀tọ́ èrò sílẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ti 2015, wọ́n sì tún un kọ ní 2023. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fún yín ní ìpanu àti ohun mímu, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ fi fóònù pe ará ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá di wákàtí méjì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yín padà. Bí ìdádúró náà bá bọ́ sí àárín agogo 10 alẹ́ sí agogo 4 ìdájí, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ilé ìtura fún yín àti ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ, tí yóò sì gbé yín bọ̀. Bí wọ́n bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye àga lọ, tí wọ́n wá ní kí ẹ má wọkọ̀ mọ́, owó gbà-má-bínú wà fún yín, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkọ̀ abẹ́lé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, èèyàn mélòó nínú yín ló ti gbọ́ òfin yìí rí? Ta ló kọ ọ́ sí ara ògiri ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, kí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ní kí ọmọ ka á fún òun? Òfin tí wọ́n tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀wù tí wọ́n rà fún ọmọ tí wọn kò fi wọ̀ ọ́.

OHUN KEJÌ: KÍ WỌ́N BỌ̀WỌ̀ FÚN ARA ÈÈYÀN

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ní pápá ọkọ̀ òfúrufú tiwa, orí àgbà gan-an ló ń wọ́. Ìyá ẹni 75 ọdún tí eékún ń dùn, wọ́n ní kó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀. Àga onítáyà wà, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń tì í kò ní sọ̀rọ̀ àyàfi bí ìyá bá tú ìdí ìró rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọ̀fẹ́ ni àga onítáyà. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, sọ pé gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú gbọ́dọ̀ ní àga onítáyà tó ṣeé rí, tó sì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti wọkọ̀ àti láti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè ṣáájú àwọn yòókù. Ní ìlú Ọyìnbó, ìyá yìí kan náà yóò jókòó sórí àga, wọn yóò tì í títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè kọ́bọ̀. Ṣé ọ̀wọ̀ àgbà kì í ṣe àṣà tiwa ni? Báwo ló ṣe jẹ́ pé ìlú Ọyìnbó ni ìyá wa ti ń rí i?

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi wákàtí mẹ́fà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ jókòó nínú ọkọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá nìyẹn. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn tó ń tì, ọṣẹ: ṣé ìwọ̀nyí náà ń fẹ́ owó yíyá láti China?

OHUN KẸTA: KÍ ỌWỌ́ NÍNÀ DÓPIN

"Ẹ kú wíkẹ́ẹ̀ndì o, Màmá." "Dádì, kí lẹ mú bọ̀ fún wa?" Ẹni tó wo ìwé ìrìnnà sọ ọ́. Ẹni tó tú àpótí yẹ̀ ẹ́ wò sọ ọ́. Ẹni tó ń wọn ẹrù sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà tún sọ ọ́. Ìkíni ló jọ, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ má dáhùn, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà yín sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ẹ̀sùn tí a hùmọ̀ lásán. FAAN, àjọ tó ni àwọn pápá náà, ti gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ká rìbá mọ́ lọ́wọ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á sọ òdodo, àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọmọ wa ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ẹrù, tó ń fa àtẹ̀gùn sí ìdí ọkọ̀, inú òjò àti òòrùn ni wọ́n ń ṣe é, iṣẹ́ olóru ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 2023, àwọn òṣìṣẹ́ NAHCO, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń bójú tó ẹrù àti èrò lórí ilẹ̀, dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Kíá ni ọ̀pọ̀ bàálù ti dúró gbagidi. Nígbà náà ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé bí awakọ̀ bá tilẹ̀ jókòó sí àyè rẹ̀, tí ẹni tó ń gbé ẹrù kò bá sí, ọkọ̀ kò lè gbéra.

Ẹni tí ẹ kò fún lóúnjẹ, tí ẹ ní kó máa ṣọ́ abọ́ ọbẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Kí wọ́n san owó tó tọ́ fún un, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, bó bá tún na ọwọ́, kó máa lọ sílé.

OHUN KẸRIN: ẸRÙ ÈRÒ, Ẹ̀MÍ ÈRÒ

Èyí ló burú jù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ bá gbé ẹrù yín kalẹ̀, wọ́n á lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọn, òun ni wọ́n ń pè ní táàgì. Orúkọ yín àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá lẹ táàgì yín mọ́, tiyín ni wọn yóò kọ́kọ́ kà á sí.

Ní oṣù Kejìlá 2018, ọmọ ilé ìwé gíga kan gbéra láti Kano lọ ṣe Úmúrà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ibi kan ní pápá Kano lẹ táàgì orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tó kún fún oògùn olóró. Ní Saudi, ilẹ̀ tí oògùn olóró lè gba orí èèyàn, wọ́n mú un. Ìparí oṣù Kẹrin 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí àṣírí tú pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣé ẹ rò pé a kọ́gbọ́n? Ní oṣù Kẹjọ 2025, ní pápá Kano yìí kan náà, wọ́n tún ṣe é fún àwọn mẹ́ta mìíràn tó ń lọ Saudi. Àjọ NDLEA wádìí, wọ́n rí i pé àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ibi nínú pápá ló lẹ táàgì àwọn aláìṣẹ̀ yìí mọ́ ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n mú àwọn ọ̀daràn náà, Saudi sì tú àwọn mẹ́ta náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àhámọ́.

Kano ló ti ṣẹlẹ̀, àbí? Àlàájì tó gbéra láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ńkọ́? Bébà kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù tirẹ̀. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn olówó la ń sọ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bébà tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí ẹni tí a kò mọ̀ ń tẹ̀, ló dúró láàrin ìyá yín àti idà. Bílíọ̀nù mélòó ni yóò kọ́ wọn láti ka iye báàgì tí èrò gbé wá, kí wọ́n sì fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ títí dé inú ọkọ̀?

Títí tí wọn yóò fi ṣe é, ẹ ran ara yín lọ́wọ́. Ẹ ka ẹrù yín, ẹ rí i pé iye táàgì tí wọ́n fún yín bá a mu. Ẹ fi fóònù ya àwòrán báàgì kọ̀ọ̀kan, táàgì àti gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ìbáà ṣe ará àdúgbò. Bí báàgì bá ya tàbí tó fọ́ nígbà tí ẹ dé, ẹ kọ̀wé sùn kí ẹ tó kúrò ní pápá, nítorí Àdéhùn Montreal ti 1999, tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí, fún yín ní ọjọ́ méje péré láti sun ẹrù tó bàjẹ́ nínú ìrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ẹrù tí kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 21, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ bí ẹrù tó sọnù.

TA NI KÍ Ẹ MÚ?

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fi èrò ṣe bọ́ọ̀lù ni pé kálukú ń tọ́ka sí ẹnì kejì. Nítorí náà, ẹ mọ̀ ọ́n báyìí. Ilé, iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù yípo, ti FAAN ni ní ọ̀pọ̀ jù lọ pápá ìjọba. Àwọn tó ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀, ilé iṣẹ́ tí ọlọ́kọ̀ háyà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín ni ẹ bá ṣe àdéhùn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ NCAA, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò nínú àwọn pápá ńlá.

Ẹ má sì ṣe bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ ti sanwó. Nínú ₦100,000 owó ọkọ̀ tí ẹ bá san, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦5,000, ń lọ sọ́wọ́ àwọn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù. Owó ìtọ́jú èrò tí FAAN ń gbà tún wà lọ́tọ̀. Ní 2021, wọ́n sọ ti abẹ́lé di ₦2,000 láti ₦1,000. Ó di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣé ìtọ́jú náà di ìlọ́po méjì?

Ẹ BI WỌ́N LÉÈRÈ

Àsìkò ìbò ń bọ̀. Wọn yóò dé pẹ̀lú ìlù àti fìlà. Wọn yóò fi àwòrán ilé onídígí hàn yín, wọn yóò ní, "Ẹ wo ohun tí a ń kọ́ fún yín." Ẹ kí wọn dáadáa, nítorí ọmọ Yorùbá kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin péré:

Kìíní, ìgbà wo ni ẹ ó kọ ẹ̀tọ́ èrò sára ògiri gbogbo pápá ní èdè tí a gbọ́?

Kejì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá rú òfin náà, ẹ ó ha jẹ ẹ́ níyà ní gbangba, kí a rí i?

Ẹ̀kẹta, èló ni ẹni tó ń gbé ẹrù wa yóò máa gbà lóṣù, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yé nínà?

Ẹ̀kẹrin, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé táàgì ìyá wa kò ní bá ẹrù ọ̀daràn lọ sí Saudi?

Ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú àlàyé, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ ti dígí àti máàbù nìkan, ẹ mọ̀ pé kò tíì fìgbà kan tò nínú ìlà yẹn rí. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ńlá ń gbà, ló ń gbà wọkọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Káàdì ìdìbò yín kò tóbi ju táàgì ẹrù lọ, ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ̀ mọ́ ẹrù tí kì í ṣe tiyín.